Bí A Ṣe Lè Dá Ilé-iṣẹ́ Abániwáṣẹ́ Sílẹ̀ Lórí Ayélujára, Kó sì Gbèrú

Ní ọdún 2009, nígbà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì da iṣẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta kan ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, ìyẹn Ayọ̀dèjì Adéwùnmí, Ọpẹ́yẹmí Awóyẹmí àti Olalekan Olude, dá Jobberman, ìkànnì tó ń bá ènìyàn wá iṣẹ́, sílẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn olówó láti òkè òkun bá wọn dá sí i, ilé-iṣẹ́ náà sì wá bọ́ sábẹ́ ilé-iṣẹ́ Ringier One Africa Media. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń gbìyànjú irú rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í pẹ́ kí wọ́n tó kógbá sílé. Kì í ṣe pé wọn kò rí olùwáṣẹ́, nítorí olùwáṣẹ́ kò wọ́n wa rárá ní orílẹ̀-èdè yìí. Ohun tó ń pa wọ́n ni pé agbanisíṣẹ́ tó bá wọn ṣe lẹ́ẹ̀kan kì í padà wá. Bí a ó ṣe mú kó padà wá ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí lé lórí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mú ìlú kan àti irú iṣẹ́ kan

Ẹni tó bá ṣí ìkànnì sílẹ̀ pé gbogbo iṣẹ́ ni òun ń polówó, ní gbogbo ìpínlẹ̀ 36 àti Àbújá, ti lọ bá àwọn òmìrán wọ̀jà. LinkedIn, ìkànnì àwọn òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ tí wọ́n ṣí fún aráyé ní ọdún 2003, ni Microsoft fi owó tó lé ní bílíọ̀nù 26 dọ́là rà ní ọdún 2016. Ẹni tó ń fi owó àpò ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kò lè bá a figagbága. Ṣùgbọ́n LinkedIn kò mọ̀ pé ilé-ìwòsàn aládàáni kan ní Mókọ́lá, Ìbàdàn, ń wá nọ́ọ̀sì tí yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ alẹ́ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Ẹ̀yin lè mọ̀ ọ́n, bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ilé-ìwòsàn Ìbàdàn nìkan lẹ gbájú mọ́.

Bí ẹ bá ń ṣà á yẹ̀ wò, ẹ bi ara yín léèrè méjì: ṣé àyè iṣẹ́ náà máa ń ṣófo léraléra, ṣé ara sì máa ń ni agbanisíṣẹ́ bó bá ṣófo? Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni máa ń yí padà dáadáa, àkókò rẹ̀ sì hàn kedere, nítorí pé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ máa ń wá ènìyàn láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ kí wọ́n tó wọlé ní oṣù kẹsàn-án. Àmọ́ owó tí wọ́n ń ná lórí wíwá olùkọ́ kéré, oṣù tó kù nínú ọdún sì máa ń dá. Awakọ̀ àti òṣìṣẹ́ ilé-ìkẹ́rùsí fún àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn dára, bí ẹ bá ní ọ̀nà láti yẹ ìwé ìwakọ̀ wọn wò. Ní tèmi, òṣìṣẹ́ ìlera ni n ó mú. Àwọn nọ́ọ̀sì ń japa lọ sí Gẹ̀ẹ́sì àti Kánádà lójoojúmọ́, aláìsàn kò sì lè dúró de ìgbà tí a bá rí ẹlòmíràn. Yàtọ̀ sí èyí, ìwé àṣẹ nọ́ọ̀sì ṣeé yẹ̀ wò lọ́dọ̀ àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń forúkọ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí sílẹ̀, èyí tí kò rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá ìpolówó ọjà. Àpẹẹrẹ nọ́ọ̀sì yìí ni n ó máa lò lọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ tún ọ̀rọ̀ ìwé ṣe

Ẹ forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Láti ìgbà tí òfin ilé-iṣẹ́ ti ọdún 2020 ti dé, ẹnì kan ṣoṣo lè dá ilé-iṣẹ́ aládàáni sílẹ̀, nítorí náà kò pọn dandan kí ẹ lọ yá orúkọ ìyàwó tàbí àbúrò yín. Òfin òṣìṣẹ́ ilẹ̀ wa sì béèrè pé kí ẹni tó ń gba ènìyàn síṣẹ́ fún ẹlòmíràn ní ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì wọn ní ìpínlẹ̀ yín kí ẹ tó gba kọ́bọ̀ àkọ́kọ́, ẹ ṣàlàyé bí iṣẹ́ yín ṣe rí gan-an, kí wọ́n sọ irú ìwé tó kàn yín. Owó lọ́yà tí yóò bá yín kọ àdéhùn pẹ̀lú agbanisíṣẹ́ kì í ṣe owó tí à ń ṣahun sí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Agbanisíṣẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ ara yín wá a

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ná oṣù mẹ́fà lórí ìkànnì kí wọ́n tó bá agbanisíṣẹ́ kankan sọ̀rọ̀. Ìwé pélébé kan àti fóònù kan tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ilé-ìwòsàn aládàáni tó wà láti Mókọ́lá títí dé Bódìjà, kí ẹ máa wọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ilé-ìwòsàn kékeré, ọ̀gá dókítà ló máa ń fọwọ́ sí gbígba òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n mátírọ́ọ̀nù ló mọ ibi tí bàtà ti ń ta ẹsẹ̀. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. Ẹ má lọ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, nígbà tí èrò pọ̀ bí eṣú.

Ẹ sọ fún wọn pé ọ̀fẹ́ ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè aago tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ àti aago tó parí, iye owó oṣù, ọjọ́ tí wọ́n máa ń san án, bóyá yàrá wà nínú ọgbà, àti ìdí tí ẹni tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ fi lọ. Ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí ló ń tú àṣírí. Bí mátírọ́ọ̀nù bá dáhùn pé, “Àwọn ọmọ òde òní kò fẹ́ ṣiṣẹ́,” ẹ fi sùúrù béèrè sí i. Ó lè jẹ́ pé owó oṣù méjì ni wọ́n jẹ ẹ́. Ilé-iṣẹ́ tó bá ń jẹ òṣìṣẹ́ lówó yóò ba orúkọ yín jẹ́ lọ́dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì, nítorí pé gbogbo wọn ló mọ ara wọn.

Ẹ̀yin ni kí ẹ kọ ìpolówó náà. Èyí tí wọ́n máa kọ fún yín yóò jọ èyí: “A ń wá nọ́ọ̀sì tó kún ojú òṣùwọ̀n, owó oṣù jọjú.” Kò sí ohun tí ènìyàn lè fi èyí ṣe. Ẹ kọ ọ́ báyìí:

“Ilé-ìwòsàn aládàáni kan ní Mókọ́lá, Ìbàdàn, tó ní ibùsùn 20, ń wá nọ́ọ̀sì kan tí ìwé àṣẹ rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, fún iṣẹ́ alẹ́, láti aago 8 alẹ́ sí aago 8 òwúrọ̀, alẹ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀. Owó oṣù jẹ́ ₦140,000, wọ́n sì ń san án kí oṣù tó parí. Yàrá wà nínú ọgbà fún ẹni tí ilé rẹ̀ bá jìnnà.”

Lórí owó oṣù ni ìjà máa ń wà, torí pé ọ̀gá kò fẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ tó wà nílẹ̀ mọ iye tí òun fẹ́ san fún ẹni tuntun. Ẹ bá wọn ṣe ìṣirò rẹ̀: “Ọ̀gá, bí a kò bá kọ iye owó síbẹ̀, ẹni 30 lè wá jókòó síwájú yín, kí 25 nínú wọn sì dìde lọ nígbà tí ẹ bá dárúkọ owó. Ìgbà wo lẹ ó ráyè wo aláìsàn?” Ọ̀pọ̀ yóò gbà. Ẹni tí kò bá gbà rárá, ẹ bá a kọ iye tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù. Láti oṣù keje ọdún 2024, owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin jẹ́ ₦70,000. Òfin yọ ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀, ṣùgbọ́n n kò gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti gbé iṣẹ́ ojoojúmọ́ tí owó rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ sórí ìkànnì. Àwọn tó bá gbà á kò ní pẹ́ kúrò níbẹ̀, agbanisíṣẹ́ yóò sì sọ pé ènìyàn yín kò dára.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ yẹ iṣẹ́ wò kí ẹ tó polówó rẹ̀

Kò sí ibi tó yẹ kí ẹ ti le bí ibí yìí. Bí ìkànnì yín bá bẹ̀rẹ̀ sí í lórúkọ, àwọn oníjìbìtì yóò wá. Ẹnì kan yóò pè pé òun ń wá òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì 40, pé kò dìgbà tí wọ́n bá ní ìrírí, pé owó oṣù jẹ́ ₦180,000. Ẹ bi í pé kí ni orúkọ ilé-iṣẹ́ wọn lọ́dọ̀ CAC. Yóò ní, “Ilé-iṣẹ́ òkè òkun ni wá, a kì í lo ìyẹn.” Ẹ bi í pé níbo ni ọ́fíìsì wà. “Bí wọ́n bá ti dé Ìyànà-Ìpájà, kí wọ́n pè, a ó rán ẹni tó máa wá mú wọn.” Ẹ ní kó fi àdírẹ́sì ránṣẹ́ lórí WhatsApp, yóò dákẹ́, tàbí kó máa bínú pé ẹ ń fi àkókò òun ṣòfò. Irú “ọ́fíìsì” bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń gba owó fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ, tí wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ dídùn fà wọ́n sínú òwò kí-n-mú-ẹni-wá-kí-o-mú-ẹni-wá, tí àwọn mìíràn sì ti ń pàdánù ohun tó ju owó lọ.

Nítorí náà, ẹ fi í ṣe òfin pé ìpolówó kankan kò ní jáde títí ẹnì kan nínú yín yóò fi bá ẹni tó ni iṣẹ́ sọ̀rọ̀, tí yóò sì rí àdírẹ́sì tó ṣeé dé. Ẹ wá orúkọ ilé-iṣẹ́ náà lórí ìkànnì CAC, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè wá a. Bó bá wà nínú ìlú yín, ẹ dé ibẹ̀. Pé ènìyàn ń lo Gmail kò tó ẹ̀rí pé oníjìbìtì ni, nítorí ọ̀pọ̀ ilé-ìwòsàn gidi ló ń lò ó. Ẹni tó kọ̀ láti jẹ́ kí ẹ rí ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ ló yẹ kí ẹ sá fún. Iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ tàbí iṣẹ́ ilé ìtura ní òkè òkun, tí ẹni tó gbé e wá kò ní ìwé àṣẹ, kò gbọ́dọ̀ dé orí ìkànnì yín. NAPTIP, àjọ tó ń gbógun ti òwò ẹrú, ni kí ẹ fi tó létí.

Lábẹ́ ìpolówó kọ̀ọ̀kan, ẹ fi bọ́tìnì kan síbẹ̀ tí ènìyàn lè tẹ̀ láti fẹjọ́ sùn. Bí ẹjọ́ bá dé, ẹ yọ ìpolówó náà ná, kí ìwádìí tẹ̀ lé e.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ìkànnì tó fúyẹ́

Fóònù ni ọ̀pọ̀ olùwáṣẹ́ fi ń wọlé, dátà sì wọ́n. Ojú-ìwé tó kún fún àwòrán ńlá yóò jẹ dátà wọn, wọn kò sì ní padà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí orúkọ iṣẹ́, ibi tó wà, iye owó àti ọjọ́ tí ìpolówó yóò parí láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀, kí wọ́n sì lè fi WhatsApp béèrè fún iṣẹ́ náà.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ bá ẹni tó ń ṣe ìkànnì yín sọ. Google ní àyè ọ̀tọ̀ tó ti ń fi iṣẹ́ han àwọn tó bá ń wá a, ohun tó sì ń kà lára ojú-ìwé ni àmì kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní JobPosting. Orúkọ iṣẹ́, àlàyé rẹ̀, ọjọ́ tí ó jáde, orúkọ agbanisíṣẹ́ àti ibi tí iṣẹ́ wà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ó dára kí ọjọ́ ìparí àti owó oṣù náà wà. Bí a bá ṣe é dáadáa, àwọn olùwáṣẹ́ yóò máa bá Google dé ọ̀dọ̀ yín láìsan owó ìpolówó. Ṣùgbọ́n Google kò fẹ́ iṣẹ́ tó ti kọjá, olùwáṣẹ́ náà kò sì fẹ́ ẹ. Ẹ jẹ́ kí ìpolówó kọ̀ọ̀kan máa wálẹ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 14, àyàfi bí agbanisíṣẹ́ bá sọ pé òun ṣì ń wá ènìyàn nígbà tó bá dáhùn ìbéèrè ráńpẹ́ tí ẹ fi ránṣẹ́ sí i: “Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ ti rí nọ́ọ̀sì?” Iṣẹ́ 15 tó ṣì wà lóòótọ́ sàn ju 300 tí ìdajì rẹ̀ ti kú lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹni márùn-ún ni kí ẹ fi ránṣẹ́

Agbanisíṣẹ́ tí ẹ bá da CV 80 lé lórí yóò gbà pé iṣẹ́ òun gan-an lẹ ní kí òun wá ṣe. Ohun tó fẹ́ ni ènìyàn díẹ̀ tó máa gbé fóònù, tó máa dé ní ọjọ́ tí wọ́n dá, tó sì máa gba iye tí wọ́n kọ síbẹ̀.

Kí ẹ tó fi orúkọ ẹnikẹ́ni ránṣẹ́, ẹ pè é. Ẹ béèrè bóyá ó ṣì ń wáṣẹ́, bóyá owó yẹn tẹ́ ẹ lọ́rùn, kí ẹ sì wá bi í léèrè ibi tó ń gbé àti iye tí yóò máa fi wọkọ̀. Ìbéèrè nípa ọkọ̀ yìí ṣe pàtàkì ju ìwé ẹ̀rí lọ lẹ́yìn tí ìwé àṣẹ bá ti pé. Ẹ wo ẹni tó ń gbé ní Ìkòròdú tó gba iṣẹ́ ní Lẹ́kí: bó bá ń ná ₦4,000 lójúmọ́ fún ọjọ́ 22, ₦88,000 ló ti lọ lórí ọkọ̀ nìkan, kò sì ní pé oṣù kan kó tó máa wá ibòmíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti nọ́ọ̀sì tó ń gbé ní Ọlọ́dó tí iṣẹ́ alẹ́ rẹ̀ wà ní Àpáta. Ẹ sọ òtítọ́ yìí fún olùwáṣẹ́, kí ẹ má fi ìtara tì í síbi tí kò ní pẹ́ kúrò.

Àwọn tí wọn kò mú ńkọ́? Ẹ fi ọ̀rọ̀ ṣókí ránṣẹ́ sí wọn pé àyè ti dí, pé orúkọ wọn ṣì wà lọ́dọ̀ yín. Àwọn agbanisíṣẹ́ wa kì í sábà ṣe èyí, ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá ṣe é fi ń di ẹni tí àwọn nọ́ọ̀sì ń dárúkọ fún ara wọn nínú ẹgbẹ́ WhatsApp wọn.

Ìsọfúnni tó wà nínú CV kì í ṣe tiyín. Òfin ààbò dátà ti ọdún 2023 fẹ́ kí ẹ gba àṣẹ ẹni náà tàbí kí ẹ ní ìdí mìíràn tó bófin mu, kí ẹ sì lo ìsọfúnni náà fún ohun tí ẹ torí rẹ̀ gbà á. Bí ó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn lọ́nà tó lè pa ẹni náà lára, wákàtí 72 lẹ ní láti fi tó NDPC, àjọ tó ń rí sí ààbò dátà, létí. Ẹ má gba BVN tàbí NIN lọ́wọ́ olùwáṣẹ́. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?

Ìgbésẹ̀ keje: Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń wá òṣìṣẹ́ ni owó ti ń wá

Olùwáṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ san kọ́bọ̀ kí a tó gba orúkọ rẹ̀ tàbí kí a tó fi iṣẹ́ hàn án. Ìlànà 181 tí àjọ àwọn òṣìṣẹ́ lágbàáyé, ILO, gbé jáde ní ọdún 1997 sọ ọ́ ní gbangba pé ilé-iṣẹ́ abániwáṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ gba owó lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, ìbáà jẹ́ lójúkojú tàbí lábẹ́lẹ̀. Ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 2014 sì wà nínú ìrántí wa. Ọgọ́ọ̀rọ̀ ẹgbẹ̀rún ọ̀dọ́ ló san ₦1,000 ẹnì kọ̀ọ̀kan lórí ayélujára láti béèrè fún ẹgbẹ̀rún díẹ̀ àyè iṣẹ́ ní iléeṣẹ́ aṣọ́bodè (Immigration), wọ́n kó wọn jọ sí pápá ìṣeré káàkiri orílẹ̀-èdè, ọ̀pọ̀ sì kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀. Bí owó bá ń wá láti ọ̀dọ̀ olùwáṣẹ́, èrè wà nínú pípe ọ̀pọ̀ ènìyàn fún iṣẹ́ tí kò tó nǹkan. Ohun tó sì ń bà wá lọ́jà jẹ́ nìyẹn.

Indeed, ìkànnì ìwáṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2004, tí ilé-iṣẹ́ Recruit ti Japan sì rà ní ọdún 2012, lówó láti ara pé agbanisíṣẹ́ ń san owó ní gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá tẹ ìpolówó rẹ̀. Èyí bá ibi tí ilé-iṣẹ́ ńlá pọ̀ sí mu. Mátírọ́ọ̀nù Mókọ́lá kò ní san owó fún ìtẹ̀ fóònù; nọ́ọ̀sì ló fẹ́. Lẹ́yìn iṣẹ́ ọ̀fẹ́ àkọ́kọ́, ẹ gba owó ìpolówó díẹ̀ níwájú, kí ẹ sì gba èyí tó kù nígbà tí nọ́ọ̀sì bá ti wọṣẹ́. Ẹ ṣèlérí pé bó bá kúrò kí ọjọ́ 30 tó pé, ẹ ó wá ẹlòmíràn láìgba owó. Ìlérí yìí ni yóò kọ́ yín láti máa béèrè ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí owó gba Paystack, ìyẹn ètò ìsanwó orí ayélujára, tàbí báǹkì, kí ìwé ẹ̀rí ìsanwó sì máa wà.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ mọ ohun tí ẹ ń kà

Iye ènìyàn tó wọ ìkànnì dùn ún sọ níwájú olùdókòwò, ṣùgbọ́n kì í san owó oṣù. Ní ìparí oṣù, ẹ kọ mẹ́rin sílẹ̀: iye àyè iṣẹ́ tí a gbà, iye tó dí, iye ọjọ́ tó gbà kó tó dí, àti iye agbanisíṣẹ́ tó padà wá. Ká ní ẹ gba àyè 20, tí 6 dí. Ẹ má sáré lọ wá àyè 40. Ẹ mú 14 tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wo ibi tí ó ti já: ṣé owó ló kéré ni, ṣé agbanisíṣẹ́ kò gbé fóònù ni, àbí ẹ̀yin lẹ fi ẹni tí kò yẹ ránṣẹ́? Bí ó bá di 12 nínú 20, tí ìdajì àwọn agbanisíṣẹ́ sì ń padà, ẹ ti ní òwò lọ́wọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Ìgbà tó yẹ kí ẹ fẹ̀

Jeff Taylor dá ìkànnì ìwáṣẹ́ Monster sílẹ̀ ní ọdún 1994, Monster sì di orúkọ tí gbogbo Amẹ́ríkà mọ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, Monster àti CareerBuilder, ìkànnì ìwáṣẹ́ mìíràn tí wọ́n ti para pọ̀, lọ sí ilé-ẹjọ́ láti wá ààbò lọ́wọ́ gbèsè. Indeed ti ń kó iṣẹ́ jọ láti ibi gbogbo, LinkedIn sì ní ìtàn iṣẹ́ àwọn ènìyàn tí wọ́n ń tún fúnra wọn ṣe. Ní ojú tèmi, àkójọ ìpolówó àti CV lásán kò tó nǹkan tí a lè fi bá àwọn wọ̀nyẹn du ọjà mọ́. Jobberman gba ọ̀nà mìíràn: ní ọdún 2020, òun àti àjọ Mastercard Foundation bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìwà àti ọgbọ́n tó yẹ níbi iṣẹ́. Ẹ̀yin náà lè ṣe irú rẹ̀ ní kékeré, kí ẹ bá àwọn nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde múra fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lọ́jọ́ Sátidé kan lóṣù.

Kí ẹ tó lọ sí ìlú kejì, ẹ kọ́kọ́ fi irú iṣẹ́ kejì kún un ní ìlú kan náà, nítorí pé mátírọ́ọ̀nù tó gbà yín gbọ́ lórí nọ́ọ̀sì yóò gbà yín gbọ́ lórí òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò àti akọ̀wé. Ẹni tí ẹ ó kọ́kọ́ gbà síṣẹ́ fúnra yín ni ẹni tí yóò máa pe agbanisíṣẹ́ láàárọ̀ àti olùwáṣẹ́ lọ́sàn-án. Oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà lè máa wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí ilé-ìwòsàn márùn-ún láti Abẹ́òkúta tàbí Òṣogbo bá ti pè yín fúnra wọn, láìjẹ́ pé ẹ polówó débẹ̀, ni kí ẹ wọkọ̀ lọ kí wọn, pẹ̀lú ìwé pélébé yẹn lọ́wọ́.